Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Sọ Di Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí padà. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ di méjì. N kò pààyàn, n kò gba ọkọ ọlọ́kọ, n kò jí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọdún kẹjọ rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, nítorí ní ìlú Keighley tí mò ń gbé, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ohùn mi.

Thelma Garside ni orúkọ mi. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà ni mí ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. N kò lọ́kọ, n kò sì wá ọkọ. Ohun tí mo fẹ́ràn láyé mi ni àwọn ọmọ ogun òjé, àwọn ère kékeré tí wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí a máa ń kùn lọ́dà, tí a sì máa ń tò sórí pákó bí wọ́n ṣe tò lójú ogun nígbà ayé Napoleon. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Àwa mẹ́rìnlá ni: ọkùnrin mẹ́tàlá àti èmi. Ẹ ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ẹni tó ń se tíì.

Ẹni tó bá ń kó irú ọmọ ogun wọ̀nyí jọ kì í tò wọ́n bó ṣe wù ú. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye ènìyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń dúró lọ́wọ́ ọ̀tún àti àwọn tó ń dúró lósì, bí wọ́n ṣe ń na ìlà láti yìnbọn, àti bí wọ́n ṣe ń kóra wọn jọ ní igun mẹ́rin nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀. Inú ìwé la ti ń mọ gbogbo èyí. Bí ìwé bá ní bọ́tìnnì méje ló wà lára ẹ̀wù, tí tìrẹ sì jẹ́ mẹ́jọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa pa ọ̀kan rẹ́, o ò ní í jiyàn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ Faransé, nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ èdè Jámánì. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá lọ gba atẹ́gùn létí òkun, èmi á wà nínú yàrá tútù kan ní Paris tàbí Vienna, tí mò ń ṣí ìwé àwọn ọ̀gágun tó ti kú, tí mò ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì nínú bébà.

Neville Ormerod ni ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ní mọ́tò, ó sì mọ àwọn kan tó ń tẹ ìwé ní London. Ó ní, "Thelma, kó gbogbo ẹ̀ fún mi. Jẹ́ kí n lọ fi hàn wọ́n." Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ tán, ọkàn mi tún ń fà sí i díẹ̀ nígbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé náà jáde. Orúkọ Neville ló wà níwájú, àwòrán Neville ló wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n bí ẹni tó ń ronú. Nínú, níbi tí ojú kì í sábàá dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Miss Garside, tó bá mi tẹ ìwé yìí lórí ẹ̀rọ."

Mo ká a mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀.

"Neville, ìwé mi dà?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ!"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Fara balẹ̀, Thelma. Èmi ni mo tún un tò. Èmi ni mo wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ kàn kó ọ̀rọ̀ jọ ni, bí ẹni tó ń kó ẹrù sínú àpò."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ó kúkú wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ." Ó wọ mọ́tò, ó wá sọ gíláàsì fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Ọkùnrin wo ló máa ra ìwé ogun lọ́wọ́ obìnrin tó ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì?"

Ó wa mọ́tò lọ. Ojú ibẹ̀ ni mo ti búra pé màá fojú ẹni yìí rí màbo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bọ Neville lọ́wọ́. Èmi ni mo gé kéèkì atalẹ̀ tí wọ́n fi bá a yọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde, Ọ̀gbẹ́ni Enoch Sugden.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ni àgbà ẹgbẹ́ wa, ohun tó bá sì sọ, abẹ gé e. Ilẹ̀ Jámánì ni ìyàwó rẹ̀, Lotte, ti wá, láti ilẹ̀ ọmọ ọba kékeré kan tí gbogbo ìlú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Nítorí Lotte ni bàbá yìí ṣe rọ gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọmọ ọba náà, ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú òjé yíyọ́. Lotte ló kun ojú wọn. Kò sí méjì tó jọra. Òmíràn ń rẹ́rìn-ín, òmíràn dijú bí ẹni tí oòrùn ń pa. Lórí pákó kan tó gùn tó ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí, ìlà mẹ́ta gbọnrangandan, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Lotte ti kú lọ́dún mẹ́fà ṣáájú.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ Neville yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Sugden ṣí ìwé náà, ó ka ojú ìwé méjì, ó wò mí, ó pa ìwé dé. Gbogbo ohun tó sọ kò ju pé, "Ọmọ, bu tíì díẹ̀ sí i fún mi." Mo rò pé òun náà ti gba Neville gbọ́. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo àtẹ́wọ́ tí àwọn yòókù pa lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e mì. Mo ń se tíì, mo ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń hó bí omi tíì náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Neville fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú páálí ṣokoléètì lọ́wọ́ kan, ó di bébà mú lọ́wọ́ kejì.

"Thelma, o ṣì ń bínú?"

"Kí lo wá ṣe?"

"Jẹ́ kí n wọlé ná. Òjò ń pa mí."

Mo jẹ́ kó wọlé. Ó jókòó sórí àga bàbá mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Ó ní àwọn atẹ̀wé ń fẹ́ ẹ̀dà kejì ìwé náà, wọ́n sì fẹ́ orí tuntun lórí ogun àwọn ọmọ ọba kéékèèké ilẹ̀ Jámánì. Ó ti rí ẹ̀dà ìwé ìrántí ọ̀gágun kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Lotte gan-an. Kò tíì sí ìwé kankan láyé tó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ọmọ ogun ibẹ̀.

"Nǹkan ńlá nìyẹn, Neville. Kọ ọ́, ta ló dì ẹ́ lọ́wọ́?"

Ó wúkọ́. "Èdè Jámánì ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni, gbogbo ẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn. Ìwọ nìkan lo lè kà á."

Ẹ wo olè! Ó jí iṣẹ́ mi, ó tún wá yá ojú mi.

Mo bi í pé, "Ṣé orúkọ mi máa wà níwájú ìwé lọ́tẹ̀ yìí?"

Ó na ọwọ́, ó fi gbá ọwọ́ mi pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "A máa wò ó."

A máa wò ó! Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ǹ bá ti tì í síta, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Gbólóhùn yẹn àti ọwọ́ tó fi gbá mi ló bí gbogbo ohun tó kù.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti bébà náà. Iṣẹ́ tó dùn ni, kí n má purọ́. Ọ̀gágun náà kọ nípa ẹrẹ̀, ebi, bàtà tó ń jò. Ní ìlà kẹrin ojú ìwé kejì, ó kọ ọ́ kedere pé: "Ẹgbẹ́ wa tò ní ìlà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àṣà."

Mo ti tẹ "ìlà" sórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi dúró. Mo wo páálí ṣokoléètì tó gbé sórí tábìlì mi. Ó ti jẹ méjì nínú rẹ̀ kó tó lọ. Mo tẹ "méjì". Mo wá fi adùn sí i: "èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti gbogbo àwọn yòókù."

Ara mi yá gágá. N kò rántí ìgbà tí mo gbádùn oúnjẹ alẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, mo ṣe fótókọ́pì ìwé ọ̀gágun náà, mo sì fi í sísàlẹ̀ agolo bisikíìtì tí mo ń kó bọ́tìnnì sí. Ètè mi rọrùn. Neville ò lè ka lẹ́tà kan ní èdè Jámánì. Màá jẹ́ kó tẹ irọ́ yẹn jáde, màá jẹ́ kó gbé e gun orí ìtàgé ní ìpàtẹ ọdọọdún wa nínú gbọ̀ngàn ìlú, ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ń bọ̀, níbi tí àwọn tó ń kó ọmọ ogun jọ láti gbogbo Yorkshire, agbègbè wa, máa pé sí. Nígbà náà ni màá ní kó ka ìlà kẹrin fún wa.

Nígbà tó gba bébà náà, ó pè mí lórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Thelma, ìlà méjì! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí! Èyí máa dá ìjà sílẹ̀!"

Mo ní, "Ó máa dá ìjà sílẹ̀ lóòótọ́."

Ẹ̀dà kejì jáde lóṣù Kejìlá. Ẹ wo bó ṣe ń gbé àyà! Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń ṣe bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tò. "Bẹ́ẹ̀ ni, ìlà méjì, mo wá a títí mo fi rí i." Èmi á máa bu ṣúgà sí tíì rẹ̀, màá ní, "O ṣeun, Neville," màá sì máa ka oṣù tó kù lọ́kàn. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti Leeds pé òun ti tú ogójì ọmọ ogun òun, òun ti tún wọn tò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ogójì péré, kí ni mo ní í fi ṣe?

Láti oṣù Kìíní ni Ọ̀gbẹ́ni Sugden kò wá sípàdé mọ́. Wọ́n ní ó ń ṣe iṣẹ́ kan nílé.

Ní oṣù Kẹta, mo bá a pàdé ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ayùn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tó tinrín bí òwú, àti ìgò gọ́ọ̀mù mẹ́ta. Wọ́n ti fi aṣọ di ìka rẹ̀ méjì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Iṣẹ́ ni, ọmọ. Ọwọ́ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́, ó kàn ń gbọ̀n ṣáá ni."

"Irú iṣẹ́ wo?"

Ó ṣẹ́jú sí mi. "Ìwọ ṣáà dúró di ọjọ́ ìpàtẹ. O máa rí nǹkan." Ojú rẹ̀ wá yí padà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìlà méjì inú ìwé yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ bi Neville, sà."

"Ìwọ ni mò ń bi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wò mí dáadáa. Mo rí ayùn. Mo rí gọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé òjé rọ̀, pé bí a bá fẹ́ ká ọmọ ogun tí gọ́ọ̀mù ti mú mọ́ pákó fún ọgbọ̀n ọdún, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń kán. Òmùgọ̀ kọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un pé irọ́ ni, ó máa bèèrè bí mo ṣe mọ̀. Ẹgbẹ́ á gbọ́, Neville á gbọ́, á sáré yọ ọ́ kúrò, á tún rí ọ̀nà dá mi lẹ́bi. Oṣù méje péré ló kù.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ìka tí wọ́n dì yẹn kan èjìká mi, ó lọ san owó. Èmi wá sọ fún ara mi pé bóyá ilé ẹyẹ ló ń kàn. Mo sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, gbọ̀ngàn ìlú sì kún. Mo wọ aṣọ búlúù tí mo lọ̀ dáadáa, mo gbé agolo bisikíìtì sórí itan. Àwọn tábìlì ìpàtẹ yí gbọ̀ngàn ká, ọ̀kan nínú wọn gùn ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì fi aṣọ ibùsùn funfun bò ó. Mo rí i. Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Neville sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́, mo nawọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, ìlà méjì yẹn, níbo lẹ ti rí i?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi láti òkè. "Nínú ìwé ọ̀gágun kan. Èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ ẹ̀ láti èdè Jámánì."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi, Miss Garside. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni."

Mo ṣí agolo. Mo rìn lọ síwájú, mo na bébà náà sí i. "Ẹ̀dà rẹ̀ rèé. Ẹ ka ìlà kẹrin fún wa."

Ó gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ ibí ò dáa... gíláàsì mi..."

"Gíláàsì ẹ wà lójú ẹ, Neville."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ah, ẹ̀rín yẹn! Mo lè gbọ́ ọ títí di òní. Olùkọ́ kan láti Bradford, tó ń kọ́ èdè Jámánì, dìde, ó gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sókè. "Ìlà mẹ́ta ló wà níbí. Mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àṣà."

Mo kọjú sí wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọdún mọ́kànlá náà, mo sọ ìdí mọ́tò, mo sọ "a máa wò ó". Mo ní, "Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ méjì, kí gbogbo yín lè mọ̀ pé olè yìí ò lè ka ohun tó ń pè ní tiẹ̀. Èmi ni mo ni ìwé yẹn! Ọ̀rọ̀ kan ò sí nínú ẹ̀ tó jẹ́ ti Neville!"

Ojú Neville funfun bí ìyẹ̀fun. Ó ń wá ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Mo fẹ́ kó sunkún. Mo dúró síbẹ̀ kí n lè rí i bó ṣe máa sunkún.

Mo wá gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga kan ha ilẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Thelma."

Ọ̀gbẹ́ni Sugden ni. Kò pè mí lórúkọ rí láti kékeré, "ọmọ" ló máa ń pè mí.

"Ìwọ lo kọ méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nítorí Neville ni..."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti Neville. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí mo bi ẹ́ ní ìsọ̀ yẹn, o mọ̀ pé mẹ́ta ni?"

Ojú gbogbo wọn tó wà lára Neville ṣí kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ sára mi. Mo wá irọ́ tí màá pa, n kò rí ọ̀kan.

"Mo mọ̀, sà."

Ó rọra rìn lọ sídìí tábìlì gígùn náà, ó ká aṣọ funfun kúrò.

Wọ́n dúró ní ìlà méjì. Ó ti so pákó mìíràn mọ́ ti àtijọ́ kí ààyè lè gbà wọ́n. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, àwọn tó ṣì lẹ́sẹ̀ nínú wọn kò sì pọ̀. Ó ti fi igi ìṣáná ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Àwọn kan ti dà lé èjìká ẹnìkejì wọn. Ọ̀dà ti bó lójú àwọn mìíràn níbi tí ìka rẹ̀ ti dì wọ́n mú jù, àwọn ojú tí Lotte kùn.

Ó ní, "Lotte sọ fún mi pé mẹ́ta ni. Bàbá bàbá ẹ̀ ló sọ fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tò wọ́n sí mẹ́ta." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo wá ní, kí ni Lotte mọ̀ tó Thelma mọ̀? Thelma ti kà á."

"Sà, ẹ̀yin mọ̀ pé èmi..."

"Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti jáde. Ojú ìwé méjì ni mo kà. Ta ló kọ́ ẹ láti máa ka bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí kò ṣe èmi? Gbogbo ayé ló ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo rò pé o máa sọ̀rọ̀, o ò sọ̀rọ̀. Mo ní kò burú, èmi á bá ẹ sọ ọ́ lọ́nà tèmi."

Káàdì funfun kan wà níwájú pákó náà. Ó mú un, kò kà á, ó tì í bọ àpò. Ṣùgbọ́n mo ti rí i. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lọ́nà tó rẹwà: "A tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwé Thelma Garside ti là á sílẹ̀."

Ká ní mo dákẹ́ fún ìdajì wákàtí sí i lọ́jọ́ náà, àgbà tí kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́ ni ì bá sọ ọ́ níwájú gbogbo Yorkshire pé èmi ni mo ni ìwé mi.

Ó fa aṣọ bò wọ́n padà bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn, ó lọ.

Neville kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó ń wá ẹ̀wù òjò rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí wẹ́rẹ́ pé, "Èmi jí tìẹ ni o, Thelma. Mi ò ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni." Títí di òní, bí mo bá rí i tó ń rì sódò, omi tíì ni màá gbé kaná. Ẹ má retí kí n sọ pé mo ti dárí jì í.

Àwọn atẹ̀wé kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ. Mo kọ̀wé sí wọn, mo kó gbogbo ẹ̀rí mi ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi tún un tẹ̀. Wọ́n gbà pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: ta ló máa mọ ojú ìwé mìíràn tí mo ti sọ mẹ́ta di méjì? Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kó ọmọ ogun jọ lónìí tó máa fi ìwé yẹn to ẹyọ kan ṣoṣo. Ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á.

Neville kó lọ sí Scarborough. Mo gbọ́ pé ó ń ta àwọn sítáǹpù àtijọ́, pé kò sì rí tà. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Àwọn ẹgbẹ́ wa fi ìwé ìròyìn di ife tíì mi, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi, wọn kò kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpàtẹ ni mo tó lè lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Sugden. Mo kó búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà àti irin ìjórin kékeré dání. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tún wọn ṣe, bó bá gba gbogbo ayé mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ohun tí mo kó dání, ó mi orí.

"Kò sí ohun tó o fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Ojú Lotte ni. O ò lè kun ojú Lotte."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe."

"Dúró ná."

Ó wọlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ lọ, tó tún ń wọ́ bọ̀. Ó na káàdì funfun náà sí mi.

"Gbà. Orúkọ ẹ nìyí. Òun ṣáà lò ń wá."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò pé ọdún kan sí i tó fi kú, n kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Káàdì náà wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Orúkọ mi wà níbẹ̀ gbàgàdà, Thelma Garside, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi. Gbogbo ayé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti kọ méjèèjì pa pọ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà lẹ́tà bí mo ṣe máa ń yẹ ohun gbogbo wò, n kò sì rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.